Ọ̀nì Kékeré Inú Oko Ilá

"Ẹ̀yin olójú! Ẹ̀yin olójú o! Ṣé ẹ ò tíì ka ewé yẹn tán ni, àbí ẹ ń kọ́ ọ ní ábídí?"

Orí odi kúkúrú tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ni Ariwo jókòó sí, tó ń ju ẹsẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń pè é ní Ariwo, títí kan ọ̀gá àgbà, nítorí bí ọmọkùnrin náà bá ń sọ̀rọ̀ àṣírí, ará òpópónà kejì á gbọ́ ọ yékéyéké.

Abẹ́rẹ́ kò tètè dá a lóhùn. Ó yí ewé ilá kan padà, ó ń wo abẹ́ rẹ̀ fínnífínní. Ọmọbìnrin yìí ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Nígbà tó wo ewé náà tán, ó dá a padà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.

"Ariwo," ó ní, láìgbójú sókè, "a ní ohun tá à ń kà la ṣe pẹ́ níbí. Ìwọ tó ò ní nǹkan kan kà, kí ló dé tó ò tíì lọ sílé?"

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀ láàárín ìlà ilá. Ariwo fò sílẹ̀ látorí odi, ó na ìka sí wọn.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Lọ́jọ́ tí àlejò bá dé, ẹ ó rí i bóyá ojú ló ń pa kòkòrò tàbí oògùn!"

Ṣé ẹ rí i, àárín àwọn ọmọ kò rójú ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn nígbà náà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló fà á, kì í sì í ṣe ìdánwò. Ilá ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì àwọn tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn. Ó so awò kékeré kan tó ń mú nǹkan tóbi mọ́ okùn lọ́rùn, kò sì sí ewé tó kọjá lára rẹ̀ tí kò ní gbé awò náà lé. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Àǹtí Aláwò. Ó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ jọ sábẹ́ igi, ó ní òun ń kọ ìwé ìlànà kan, wọn yóò sì bá òun kọ ọ́.

"Ìwé ìlànà tòmáàtì wà," ó sọ fún wọn. "Ti òwú wà. Ti ilá ni kò sí. Nítorí náà, àwọn òbí yín ń fi ìwé tòmáàtì tọ́jú ilá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ẹ bá fín tòmáàtì lóògùn apakòkòrò, tí ara agolo sì ní kẹ́ ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó ká a, ṣé tòmáàtì lè dúró?"

"Ó lè dúró!"

"Ilá ńkọ́?"

Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni ìdáhùn ti wá. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni ọ̀gá àwọn tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó kọjá lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀ tí kì í fèsì sí.

"Ilá wo? Ilá tó bá dúró ọ̀sẹ̀ kan lórí igi? Igi lòun náà dà yẹn! Ẹ kàn bá mi wá àáké tí n ó fi rẹ́ ẹ!"

Àǹtí Aláwò pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí awò fi ń fò lọ́rùn rẹ̀. "Màmá, ẹ ti kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ fún mi!"

Ó wá là á yé wọn. Ilá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá ká a lónìí, ní ọ̀túnla o tún gbọ́dọ̀ ká a. Ẹni tó bá fín in lóògùn tó sì dúró dáadáa, ilá rẹ̀ á gbó, kò ní ṣeé jẹ. Ẹni tí kò bá dúró, oògùn yóò bá ilá wọ inú ìkòkò. Ọ̀nà wo la lè gbà tọ́jú ilá tí kòkòrò ò fi ní jẹ ẹ́ tán, tí àwa náà ò sì ní jẹ oògùn? Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Wọ́n gbin oko méjì sẹ́yìn ilé ìdáná, ọgbà kan náà, irúgbìn kan náà. Ẹgbẹ́ Táǹkì, tí Ariwo jẹ́ olórí wọn, yóò máa ṣe bí àwọn àgbẹ̀ ìlú ti ń ṣe: kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa fi táǹkì ẹ̀yìn bá wọn fín in lóògùn déédéé, kí wọ́n sì dúró bí agolo ṣe wí. Ẹgbẹ́ Ojú, tí Abẹ́rẹ́ jẹ́ olórí wọn, yóò máa yẹ abẹ́ ewé wò. Bí wọ́n bá rí iná ewé, ìyẹn àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fa omi ewé mu, tó jọ iná orí, wọ́n á fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kúrò. Ewé tó bá ti ká kò, wọ́n á já a. Kòkòrò pupa roboto tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, tí ẹ̀wù rẹ̀ ń dán bíi ti ìyàwó tuntun, ọ̀rẹ́ ni, nítorí iná ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun rárá. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Oògùn kẹ́yìn pátápátá, àfi tí iná ewé bá kọjá ààlà tí wọ́n fi sí i, àfi tí Àǹtí bá sì wà níbẹ̀.

Òfin kan ló kù, Àǹtí sì tún un sọ títí ó fi sú wọn: "Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá rí tẹ́ ò mọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pè mí."

Lọ́jọ́ tí àlejò bá wá wo oko méjèèjì, ẹgbẹ́ tí ọ̀nà rẹ̀ bá yege ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, ìwé tí yóò dé ọwọ́ gbogbo àgbẹ̀ tó ń gbin ilá. Háà! Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ bá pín sí méjì. Kódà ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ò gbẹ́yìn. Bó bá rí Abẹ́rẹ́ láàárọ̀, á gbé ìka méjì lé abẹ́ ojú rẹ̀, á ní, "Ojú dà?" Abẹ́rẹ́ á ní, "Ojú ń bẹ!" Wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Oko Ojú ń ṣe dáadáa. Ìyá Abẹ́rẹ́ a máa ká ilá rẹ̀ lọ́jọ́ kan sí méjì, á ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹ́ẹ́, á jù ú sẹ́nu ní tútù, á máa jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀pà. "Èyí ni ilá," ni yóò wí. Oko Táǹkì náà ń dán, ewé rẹ̀ mọ́ bí àwo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èso rẹ̀ ló ń gbó kí ọjọ́ ìdúró tó pé. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú. Abẹ́rẹ́ ti ń lálàá orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìwé.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò ni nǹkan yí padà.

Àwọn yòókù ti lọ sí pápá. Abẹ́rẹ́ nìkan ló yà sí oko, kó kàn tún wo ilá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yí ewé àkọ́kọ́ padà. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Nǹkan kan ń rìn lábẹ́ ewé náà. Ó dúdú, ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, àmì bí ọsàn wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́fà wọ́ kiri bí ọ̀nì tí wọ́n sọ di bíńtín. Abẹ́rẹ́ yí ewé kejì. Ọ̀nì mìíràn. Ó sáré dé ìlà kejì, ìlà kẹta. Ọ̀nì! Ọ̀nì níbi gbogbo! Wọ́n ń rìn láàárín iná ewé bí ẹni tó ni ilé.

"Mo gbé," ó wí jẹ́jẹ́. "Lọ́la? Kó jẹ́ lọ́la ni?"

Ó sáré lọ wo àwòrán tí Àǹtí lẹ̀ mọ́ ara pátákó kíláàsì. Àwòrán àwọn ọ̀tá ilá wà níbẹ̀, iná ewé àti kòkòrò tó ń lu èso àti àwọn ará ilé wọn. Àwòrán Ìyàwó wà níbẹ̀ lápá àwọn ọ̀rẹ́. Ọ̀nì kò sí lápá kankan. Ohun tí kò sí lápá ọ̀rẹ́, tó tún burú lójú báyìí, kí ló tún lè jẹ́?

Ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ Àǹtí Aláwò. Ó tẹ nọ́ńbà náà. Kó tó dún, ohùn Ariwo ta sí i láti ẹ̀yìn odi.

"Abẹ́rẹ́! Mo gbọ́ pé ọ̀gá ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la! Kò gbọdọ̀ rí kòkòrò kan o! Bó bá rí ẹyọ kan péré, àwa la jẹ!"

Abẹ́rẹ́ rò ó wò. Bí òun bá pe Àǹtí, Àǹtí á ní kí òun fi wọ́n sílẹ̀ títí òun ó fi dé. Àlejò á bá ọ̀nì lórí ewé. Gbogbo ìlú á rí i pé ojú kì í pa kòkòrò lóòótọ́. Ó pa fóònù náà, ó dá a padà fún ìyá rẹ̀.

"Kò gbé e ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Kò gbé e, mà."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ rárá. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kò fẹnu pa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gba iṣẹ́ fínfín kiri oko. Ẹ̀rọ táǹkì tó máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wà nínú yàrá irinṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, oògùn tó ṣẹ́kù sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ di imú, ó wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, ó gbé táǹkì náà kọ́ ẹ̀yìn, ó gba ẹ̀yìn ọgbà wọ inú oko nígbà tí ariwo pápá gba gbogbo etí. Oòrùn ti ń wọ̀. Ó fín ìlà kìn-ín-ní, ó fín ìkejì, ó fín gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀nì ń já bọ́ lórí ewé pàtàpàtà. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bà jẹ́. Kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó dá táǹkì padà síbi tó ti gbé e, ó fọ ọwọ́ títí awọ fi hunjọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oko Ojú ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Ẹgbẹ́ rẹ̀ yí ewé títí, wọn ò rí ẹyọ iná ewé kan. Wọ́n gbé Abẹ́rẹ́ sókè!

"Ojú dà?"

"Ojú ń bẹ!"

Abẹ́rẹ́ náà pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò jáde tán.

Àlejò dé. Ọ̀gá ọ́fíìsì dé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó ń bọ́ sójú. Àwọn àgbẹ̀ dé, àwọn òbí dé, ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ wà láàárín wọn. Ọ̀gá àgbà wọ aṣọ tí wọn ò rí lára rẹ̀ rí. Omi ń hó nínú ìkòkò ńlá nílé ìdáná, nítorí wọ́n ti ṣètò pé ilá tí wọ́n bá ká ní oko méjèèjì ni wọn yóò fi se ọbẹ̀ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ kéékèèké kíláàsì àkọ́kọ́ ti tò sílẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ebi ti ń pa wọ́n látàárọ̀.

Oko Táǹkì ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ ìdúró wọn ti pé. Ìyá Abẹ́rẹ́ mú ilá kan, ó fẹ́ ṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Kò ṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ilá náà tẹ̀ bí okùn.

"Ariwo, ọmọ mi," ó ní, "o ṣe dáadáa, o dúró bí wọ́n ṣe ní kó o dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ó bá mi wá àáké."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, Ariwo náà fọwọ́ bojú, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá yíjú sí oko Ojú. Àǹtí Aláwò nà ró bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ han ará ilé. "Ẹ̀yin àgbà, oko yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Láti ọjọ́ tí a ti gbìn ín, ẹ̀kán oògùn kan kò kàn án. Ọmọ tó ń rákò lè ká a kó jẹ ẹ́ níbi tó wà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ariwo pàápàá pàtẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ rí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ká ilá tútù kan, tó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹ́ẹ́. Ó rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu.

"Ìyá mi, ẹ má jẹ ẹ́!"

Abẹ́rẹ́ ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ gbé e. Ó fò kọjá ìlà ilá, ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀, ilá já bọ́. Ẹ lè gbọ́ bí omi ṣe ń hó nínú ìkòkò lọ́hùn-ún.

"Kí ló ṣe ọ́?" ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣé orí rẹ pé?"

"Mo fín in. Lánàá. Èmi ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo lo táǹkì Bọ̀dá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ya ọ̀nà láàárín èrò. "Táǹkì mi? Èyí tó wà nínú yàrá irinṣẹ́? Abẹ́rẹ́, oògùn òwú ló ṣẹ́kù síbẹ̀! Òwú tí ẹnì kan kì í jẹ! Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró ọ̀sẹ̀ kan mọ́ o!"

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ilá tó wà nílẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ kéékèèké tó tò pẹ̀lú àwo. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti dá wọn dúró.

"Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú oko yìí," ni ọ̀gá ọ́fíìsì wí. "Kí gbogbo èèyàn bọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà."

Àǹtí Aláwò ò pariwo. Ì bá sàn fún Abẹ́rẹ́ ká ní ó pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. "Kí lo rí tó o fi fín in? Nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn, iná ewé ò kọjá ààlà."

"Kì í ṣe iná ewé, mà. Ọ̀nì ni."

"Ọ̀nì kẹ̀?"

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ mú ẹ̀ka igi kan, ó yà á sórí ilẹ̀: ara ṣákiṣàki, ẹsẹ̀ mẹ́fà, àmì ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó tó yà á tán, Àǹtí Aláwò ti dìde dúró ṣánṣán. Ó sáré lọ sí etí odi níbi tí koríko ti hù, tí oògùn kò dé, ó ń yí ewé kiri wàràwàrà. Lẹ́yìn náà ló ké:

"Ó wà níbí! Ẹyọ kan là! Abẹ́rẹ́, wá wò ó!"

Abẹ́rẹ́ gbé ojú lé awò. Ọ̀nì kékeré náà wà níbẹ̀. Ó fi ẹnu gbá iná ewé kan mú, ó ń fà á mu bí ọmọ tó ń mu ọsàn. Nígbà tó mu ún tán, ó ju awọ rẹ̀ nù, ó kọjá sí òmíràn.

"Iná ewé ló ń jẹ!" Abẹ́rẹ́ kígbe. "Àǹtí, iná ewé ló ń jẹ!"

"Ó ń jẹ ẹ́ ju ìyá rẹ̀ lọ! Ọmọ Ìyàwó nìyẹn. Bó ṣe ń rí nìyẹn kó tó wọ ẹ̀wù pupa."

Ọ̀rọ̀ di kítikìti. Ariwo ti kọ́kọ́ débẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i. Ọ̀gá ọ́fíìsì ṣí fìlà, òun náà tò. Àgbẹ̀ kan tó ti ń gbin ilá kí wọ́n tó bí Abẹ́rẹ́ wò ó títí, ó mí kanlẹ̀. "Èyí? Èyí tí mo ń fi bàtà tẹ̀ pa látọjọ́ yìí? Tí mo bá rí i báyìí, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mò ń sáré lọ gbé táǹkì!" Àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Kì í ṣe ìwọ nìkan, ọ̀rẹ́ mi."

Àǹtí Aláwò fọwọ́ lu orí ara rẹ̀. "Mo ya ìyá, mi ò ya ọmọ. Gbogbo ìwé tí mo kọ yẹn, mi ò ya ọmọ!" Ó wá yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n ó sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un yín pé bẹ́ ẹ bá rí ohun tẹ́ ò mọ̀, kẹ́ ẹ pè mí. Kí ló dé tó ò pè mí?"

"Ẹ̀rù bà mí pé a ó pàdánù, mà."

"O sì ti pàdánù báyìí."

Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jẹ ọbẹ̀ tí kò sí ilá nínú rẹ̀. Ti oko kan ti gbó, ti oko kejì ní oògùn òwú lára. Ẹgbẹ́ Ojú yan olórí mìíràn, Abẹ́rẹ́ di ẹni tó ń gbé korobá omi ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti àgádágodo mọ́ yàrá irinṣẹ́. Wọ́n sì gbọ́ tó sọ fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá fi oògùn tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú táǹkì kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ìbọn sílẹ̀ fọ́mọdé.

Gbogbo èso tó wà lórí igi ní oko Ojú ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì já, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ìlà kan péré ni Àǹtí ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kó gbó, kó gbẹ fún irúgbìn.

Nígbà tó yá, iná ewé padà dé. Áà, wọ́n dé! Kò sí ẹni tó máa jẹ wọ́n mọ́, wọ́n bí, wọ́n rẹ̀, ewé ń ká kò bí etí ajá. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Ẹgbẹ́ Ojú ń fọ ewé, ọwọ́ Abẹ́rẹ́ sì ń ṣí bó nítorí ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ sunkún sínú korobá, Ariwo yọ lórí odi. Ó gbé ife kan dání, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Olójú! Gbà."

Abẹ́rẹ́ yọjú sínú ife náà. Ọ̀nì kékeré kún inú rẹ̀.

"Inú koríko ẹ̀yìn pápá ni mo ti kó wọn," Ariwo wí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ kéré láyé rẹ̀. "Àwọn ọmọ Táǹkì ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń kó sí i. Má wò mí bẹ́ẹ̀! Èmi náà fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ilá."

Ìdíje tuntun bá bẹ̀rẹ̀, èyí dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ló máa kó ọ̀nì jù? Àwọn ọmọ ń sáré láti pápá sí oko pẹ̀lú ife, pẹ̀lú agolo, ẹnì kan tiẹ̀ fi bàtà gbé tirẹ̀ wá. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ń pariwo, "Ẹ rọra, ẹ má tẹ ọmọ ìyàwó o!" Kò pẹ́ tí àwọn ewé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ padà. Kò pẹ́ tí àwọn Ìyàwó fúnra wọn fi ẹ̀wù pupa bẹ́ sóde lórí ilá bí ẹni ń re òde.

Nígbà tí Àǹtí Aláwò yẹ oko náà wò, tó mú èso tuntun lọ yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì, tó sì dá a lójú pé oògùn ti kúrò pátápátá, ó ní kí wọ́n ká a. Ìyá Abẹ́rẹ́ ká ilá kan. Ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Pẹ́ẹ́! Kò jù ú sẹ́nu. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣé kí n jẹ ẹ́?"

"Ẹ jẹ ẹ́, mà."

"Ṣé kò sí ohun tó ò sọ fún mi?"

"Kò sí, Ìyá mi."

Ó jù ú sẹ́nu, ó rún un wówówó, ó rẹ́rìn-ín. Inú Abẹ́rẹ́ dùn ju ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè lọ.

Ìwé ìlànà ilá ti jáde báyìí. Orúkọ ẹgbẹ́ kankan ò sí lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí Ẹgbẹ́ Ojú àti Ẹgbẹ́ Táǹkì jọ fọwọ́ sí nìyẹn. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i dé àárín, ẹ ó rí àwòrán ọ̀nì kékeré kan, ara ṣákiṣàki, àmì ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ́rẹ́ ló yà á. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ọmọ Ìyàwó nìyí. Ọ̀rẹ́ ilá ni. Bí o kò bá mọ nǹkan, béèrè kí o tó pa á. Bí o bá sì ti ṣàṣìṣe, sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́.*

Irúgbìn tó gbẹ lórí ìlà kan yẹn ńkọ́? Abẹ́rẹ́ àti Ariwo jọ fọ́ èso náà, wọ́n pín in fún àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́. Ó ti hù. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ ó bá àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀, wọ́n ń yí ewé padà, wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó.

"Àǹtí Abẹ́rẹ́, ẹ wá o! A rí nǹkan kan tá ò mọ̀!"